Skíríìnì Ẹ̀yìn Àga Ọkọ̀: Ohùn Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò

Skíríìnì méjì ló wà lẹ́yìn àga iwájú nínú ọkọ̀ mi, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Mo ti lò ó nínú oòrùn, mo ti lò ó lóru, mo sì ti lò ó nínú ìrìn àjò tó gba odidi ọjọ́. Bí àwòrán rẹ̀ ṣe mọ́ tó ni àwọn tó ń tà á máa ń tẹnu mọ́. Àwòrán náà mọ́ lóòótọ́, àmọ́ kò sí ọmọ tó sunkún nínú ọkọ̀ mi rí nítorí àwòrán. Ohùn ló ń dá ìjà sílẹ̀, ohùn náà ló sì ń parí rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ohùn ló máa pọ̀ jù nínú àgbéyẹ̀wò yìí.

Èyí tí mo rà jẹ́ oníńṣì 10.1. Ara ọ̀pá irin méjì tó gbé ìrọ̀rí àga dúró ni wọ́n dè é mọ́. Irú mìíràn wà tó jẹ́ pé ìrọ̀rí ọ̀hún gan-an ni wọ́n máa yọ, tí wọ́n á fi èyí tó ti ní skíríìnì nínú rọ́pò rẹ̀. Mi ò gbà fún ìyẹn. Ìrọ̀rí àga kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ló ń dáàbò bo ọrùn bí ọkọ̀ mìíràn bá kọlù yín láti ẹ̀yìn. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, ṣe ló máa ń sún síwájú fúnra rẹ̀ lásìkò ìkọlù náà kó lè tètè gba orí dúró. Ẹni tó bá yọ irú ìrọ̀rí bẹ́ẹ̀ ti yọ ààbò ara rẹ̀ nítorí fíìmù.

Àwọn kan fẹ́ràn èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti àjà ọkọ̀. Ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́: Oldsmobile Silhouette Premiere ti ọdún 1999 ní Amẹ́ríkà ti ní in, kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni wọ́n sì ń kì bọ̀ ọ́ nígbà yẹn. Lóde òní, ẹ lè ra BMW i7 tí skíríìnì àjà rẹ̀ tóbi tó íńṣì 31.3. Ó dára fún ẹbí tí gbogbo wọn lè fẹnu kò lórí fíìmù kan. Àwọn ọmọ tèmi kì í fẹnu kò. Skíríìnì àjà sì lè dí dígí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn, èyí tí mi ò lè fara mọ́ láé.

Ọ̀rọ̀ iná ni kí ẹ bá oníṣẹ́ sọ kó tó tú ohunkóhun. Fólítì 12 ni iná ọkọ̀. Oníṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe yóò fa wáyà pupa láti ibi tó jẹ́ pé ìgbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́ nìkan ni iná ń dé ibẹ̀, yóò fi fíùsì tirẹ̀ sí i, yóò sì so wáyà dúdú mọ́ irin ara ọkọ̀. Bó bá so ó mọ́ ibi tí iná kì í ti í kú, skíríìnì á máa fa bátìrì bí ọkọ̀ bá dúró sílẹ̀. Tèmi gba inú àga kọjá, kò sí wáyà kankan tó ń kọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù níbẹ̀ ni pé, bí ẹ́ńjìnnì bá ń dìde, iná yẹn máa ń já fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, skíríìnì á kú, á sì tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ó máa ń rántí ibi tí fíìmù dé, mo dúpẹ́ fún ìyẹn, àmọ́ ẹ jí ọkọ̀ ná kí ẹ tó tan nǹkan fún àwọn ọmọ.

Ó wá ku ohùn. Hẹ́dífóònù méjì tí kò ní wáyà ni wọ́n kó mọ́ ọn fún mi, infrared ni wọ́n ń lò. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí ni, irú èyí tó wà nínú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Skíríìnì ló ń tàn án jáde, hẹ́dífóònù á gbà á, á sì sọ ọ́ di ohùn. Ìkànnì méjì ló ní, A àti B. Mo fi skíríìnì ọ̀tún sí A, ti òsì sí B, kálukú sì ń gbọ́ tirẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Kò sí pé a ń so ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ kí ó tó ṣiṣẹ́. Bí ìyá mi bá bá wa rìn, tí wọ́n jókòó sáàárín àwọn ọmọ ọmọ wọn, hẹ́dífóònù kẹta ni mo máa ń fún wọn. Bí wọ́n bá ti yí bọ́tìnì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á gbọ́ ohun tí ti ọ̀tún ń wò tàbí ohun tí ti òsì ń wò. Ohùn àti ẹnu òṣèré máa ń lọ pọ̀ pẹ́kípẹ́kí.

Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ kì í gba ara èèyàn kọjá. Bí ọmọ bá kọjú sí fèrèsé, tàbí tó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tó fẹ́ sùn, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, á sì dákẹ́. Oòrùn ọ̀sán gangan tó bá wọlé láti ẹ̀gbẹ́ náà ń dà á láàmú, nítorí infrared pọ̀ nínú ìtànṣán oòrùn. Bátìrì AAA ló ń jẹ, bí ẹ kò bá sì pa á, ó ti tán kí ìrìn àjò mìíràn tó dé. Ẹ ra èyí tó ń pa ara rẹ̀ bí kò bá rí ìtànṣán mọ́.

Bluetooth wà lára skíríìnì náà. Ọmọ lè yíjú síbi tó wù ú, ohùn kò ní já. Ibi tó ti ń ṣe mí ní wàhálà ni pé ohùn máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Ẹ̀rọ ní láti ká ohùn náà kéékèèké, kó tà á látaré, kí hẹ́dífóònù tó tún un tò. Bó bá jẹ́ áàpù inú skíríìnì fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ń wo fíìmù, áàpù lè dá àwòrán náà dúró díẹ̀ kí méjèèjì lè bára mu. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ohun tí a fi wáyà HDMI (wáyà tó ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀) so mọ́ ọn ni, ẹnu òṣèré á ti pa dé kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Bó bá sì wá di géèmù, ọmọ á ti kú nínú géèmù kí ó tó gbọ́ ìbọn. Hẹ́dífóònù kan ṣoṣo ni skíríìnì tèmi ń gbà lórí Bluetooth, nítorí náà ìyá mi kò lè bá ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ọ̀nà kẹta ni kí skíríìnì rán ohùn lọ sórí FM kí rédíò ọkọ̀ gbé e. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Bí ẹ bá ti rin jìnnà díẹ̀, ilé-iṣẹ́ rédíò kan á ti wà lórí ìlà yẹn níbẹ̀, á sì bò yín mọ́lẹ̀. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, etí awakọ̀ gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ fún fèrè ọkọ̀ mìíràn àti igbe ọkọ̀ aláìsàn.

Nítorí ariwo ẹ́ńjìnnì àti táyà, àwọn ọmọ máa ń gbé ohùn sókè ju ti ilé lọ. Hẹ́dífóònù tó bo gbogbo etí ló dára jù, nítorí ó ń dí ariwo òde, ohùn fíìmù kò sì ní láti pariwo. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọdé kì í kọjá decibel 85 (decibel ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó). Ẹ wò ó lára páálí rẹ̀.

Níti ibi tí fíìmù ti ń wá, fíláàṣì USB ló tíì já fáfá jù. Bí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ sí FAT32, ìyẹn ọ̀nà kan tí fíláàṣì ń gbà to fáìlì, fáìlì kan kò lè kọjá 4 GB lórí rẹ̀, ẹ yí i sí exFAT, ọ̀nà mìíràn, bí skíríìnì yín bá lè kà á. Android wà nínú tèmi, ó sì ń gba Wi-Fi láti orí fóònù mi. Ẹ ṣọ́ra fún ìpolówó níbí: skíríìnì lè jẹ́ 1080p, ìyẹn àwòrán tó mọ́ kedere, kí Netflix má sì fi ju 480p, tí kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀, hàn yín lórí rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ náà kò ní ìwé ẹ̀rí Widevine L1, ìyẹn ẹ̀rí pé ẹ̀rọ lè dáàbò bo fíìmù kí wọ́n má baà jí i dà kọ. Ẹ béèrè èyí lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, bó bá yẹ ojú, ẹ gbà pé kò ní in. Ẹni tó bá sì rò pé òun á kàn gbé ojú fóònù sórí rẹ̀ yóò rí i pé dúdú lásán ni ọ̀pọ̀ áàpù tí a ń sanwó fún máa ń gbé jáde.

Èébì ńkọ́? Ó wà. Inú etí ń sọ fún ọpọlọ pé ara ń rìn, ojú tó tẹjú mọ́ skíríìnì ń sọ pé ara dúró, òòyì á sì dé. Ibi tí skíríìnì ẹ̀yìn àga ti dára ju tábúlẹ́ẹ̀tì orí itan lọ nìyí: ojú ọmọ wà lókè, ó ṣì ń rí ọ̀nà díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ gbé e sí ibi gíga ojú ọmọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa ka lẹ́tà wínníwínní, bí ọ̀nà bá sì kún fún kọ́nà, ẹ pa á.

Àwòrán kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Gíláàsì rẹ̀ máa ń dán lọ́sàn-án, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù lóru kó má baà máa tàn nínú dígí awakọ̀. Kò ní bátìrì nínú, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀ láti fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó dúró sínú oòrùn, ohun tí mi ò jẹ́ fi tábúlẹ́ẹ̀tì dán wò.

Mo gbà yín níyànjú láti rà á bí ọmọ bá ju ẹyọ kan lọ lẹ́yìn ọkọ̀ yín. Ẹ rí i pé infrared àti Bluetooth wà lórí rẹ̀ pọ̀, kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Lọ́sàn-án tí oòrùn mú, Bluetooth la máa ń lò. Bí ilẹ̀ bá ṣú tàbí tí ìyá mi bá wà láàárín wọn, a máa ń yí i sí infrared.