Prague tàbí London: èwo nínú géèmù méjì yìí ló yẹ kí ẹ ra?

Géèmù tí ìtàn rẹ̀ kàn fi ọdún díẹ̀ ṣíwájú wa ló ń wọ̀ mí lára jù. Ilé, títì àti ọkọ̀ ojú irin inú rẹ̀, gbogbo wọn la mọ̀, nǹkan díẹ̀ tó yí padà ló ń bà wá lẹ́rù. Méjì tí mo fẹ́ fi wéra fún ẹ̀yin tó fẹ́ náwó ni Deus Ex: Mankind Divided (2016) àti Watch Dogs: Legion (2020).

Ìlú Prague, ní orílẹ̀-èdè Czech, ní ọdún 2029 ni Deus Ex gbé wa lọ. Ní 2027, ẹnìkan ti ọ̀nà jíjìn da orí àwọn tí wọ́n fi ẹ̀rọ rọ́pò apá, ẹsẹ̀ tàbí ojú wọn rú, wọ́n sì pa èèyàn rẹpẹtẹ. Láti ìgbà náà ni ìlú ti ń fojú ọ̀daràn wò wọ́n. Adam Jensen tí ẹ máa fi ṣeré nínú géèmù náà wà lára wọn. Ní ibùdókọ̀ ojú irin, ẹnu ọ̀nà tiwọn yàtọ̀. Bí ẹ bá gba ti àwọn yòókù, ọlọ́pàá á dá yín dúró níbi tí ẹ bá sọ̀ sí, á ní kí ẹ mú ìwé wá. Kò sẹ́ni tó ń fọ̀rọ̀ gígùn ṣàlàyé ìwà ìrẹ́nijẹ yìí fún yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa jẹ ìyà rẹ̀. Mo fẹ́ràn èyí gan-an.

Ìlú náà kò fẹ̀, àmọ́ ó kún. Ẹ lè wọ ilé kan láti bálíkónì, láti ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tàbí kí ẹ fi kọ̀ǹpútà ṣí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ tiẹ̀ lè parí géèmù náà láìpa ẹnikẹ́ni. Àléébù rẹ̀ ni pé ìtàn náà dáwọ́ dúró lójijì, èyí tó yẹ kó tẹ̀lé e kò sì tíì jáde.

London ni Legion wà, lẹ́yìn tí bọ́ǹbù bú, tí Albion, iléeṣẹ́ ológun aládàáni, gba títì. Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá rí lójú ọ̀nà, ìyá àgbà tàbí òṣìṣẹ́ ìkọ́lé, lẹ lè fà wọ ẹgbẹ́ yín tó ń bá Albion jà. Àwọn ará wa tó ń gbé Southwark tàbí Lambeth á rí àdúgbò wọn. Ìdùnnú rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé gbogbo èèyàn ni akọni, kò sí ẹni tí ọkàn yín á so mọ́ pẹ́. Ẹ yan ètò tí ẹni tó bá kú kò fi ní padà mọ́, ìyẹn ló ń mú kí ẹ ṣọ́ra.

Ó kéré tán, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba àyè 45 GB lórí kọ̀ǹpútà, nítorí náà ẹ ro owó dátà mọ́ ọn. Ẹni tó ní PS4 tàbí PS5 tó ń gba díìsì lè ra díìsì àlòkù. Kò sí èyí tó yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18.

Bí owó ọ̀kan ṣoṣo bá wà lọ́wọ́ yín, Deus Ex ni kí ẹ rà, nígbà tí Steam, ìtajà géèmù kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, bá ń ṣe ẹ̀dínwó. Ẹ kò nílò láti kọ́kọ́ ṣe géèmù tó ṣáájú rẹ̀, fídíò kan wà nínú rẹ̀ tó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀.