Oṣù mẹ́rìnlá pẹ̀lú Powermax45 XP lórí tábìlì CNC: bí mo ṣe ń yan ìyára fún irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́

Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe géètì àti rélì. Irin tí mo sì ń gé jù lọ ni irin pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, láti mìlímítà 1 sí 2, èyí tí a fi ń gé òdòdó, ewé àti orúkọ onílé tí a ń jó mọ́ ara géètì. Tẹ́lẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ni a fi ń ya àwòrán sí i, ọmọ iṣẹ́ kan á wá fi gíráńdà tọ ojú ìlà náà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ó pé oṣù mẹ́rìnlá báyìí tí mo ti ń lo Hypertherm Powermax45 XP, ẹ̀rọ plasma tí ń fi iná mànàmáná àti afẹ́fẹ́ yọ́ irin gé láti ẹnu tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, lórí tábìlì CNC, èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí tọ́ọ̀ṣì lórí rẹ̀, tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tí ó sì gùn ní 8. N kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa agbára rẹ̀, nítorí pé ámpíà 45 tí ó ń mú jáde tó irin tèmi, ó sì ṣẹ́kù. Ọ̀rọ̀ ìyára ni mo fẹ́ sọ, nítorí òun gan-an ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí n ta ẹ̀rọ àti tábìlì pọ̀ ní oṣù kejì.

Àwọn ohun ìlò tí wọ́n ń pè ní FineCut ni mo ń fi sí ẹnu tọ́ọ̀ṣì, nítorí pé ìlà tí wọ́n ń là tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti àwọn tí a fi ń gé irin tí ó nípọn lọ. Nínú ìwé tí ó bá ẹ̀rọ náà wá, àtẹ kan wà tí ó sọ iye ámpíà, gíga tọ́ọ̀ṣì, fóltéèjì àti ìyára tí ó yẹ irin kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ó ṣe nípọn sí. Fún irin mìlímítà 1, àtẹ náà ní kí tọ́ọ̀ṣì rìn ju mìlímítà 8000 lọ ní ìṣẹ́jú kan; fún mìlímítà 1.5, ó lé ní 6000. Bí mo ṣe kà á ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ìlà gbọọrọ jáde bí ohun tí a fi abẹ gé, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gé òdòdó tí ó ní ewé wínníwínní, ohun tí mo gbé kúrò lórí tábìlì dà bí ohun tí eku jẹ: igun gbogbo ti yọ́, ìdàrọ́, irin yíyọ́ tí ó ti gan, rọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, irin náà sì ká sókè bí ewé gbígbẹ.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe, mo fi kún ìyára. Kò yí padà rárá. Mo tún fi kún un, tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ewé náà sì burú sí i. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé ìyára tí mo tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kọ́ ni ìyára tí tọ́ọ̀ṣì ń rìn. Ẹni tí ó bá ń gun ọ̀kadà nínú àdúgbò tí kọ̀rọ̀ pọ̀ sí mọ̀ pé kò sí bí ọ̀kadà náà ti lè sáré tó, kò ní ráyè sá eré náà kí kọ̀rọ̀ mìíràn tó dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni tábìlì. Tèmi kò lè fi ju mìlímítà 400 ní ìṣẹ́jú-àáyá kún ìyára rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan láìgbọ̀n. Bí mo bá ní kí ó rìn ní mìlímítà 6000 ní ìṣẹ́jú, èyí tí í ṣe 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá, yóò rìn tó mìlímítà 12.5 kí ó tó dé orí eré náà, yóò sì tún nílò 12.5 mìíràn láti dúró. Mìlímítà 25 nìyẹn. Ewé tèmi kò ju 20 lọ láti igun kan sí èkejì.

Nítorí náà, nínú gbogbo òdòdó yẹn, tọ́ọ̀ṣì kò fi ìgbà kankan rìn bí àtẹ ti wí, ṣùgbọ́n gbogbo ámpíà tí àtẹ wí ni ó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Iná tí a pèsè fún eré wá ń jó irin ní ìrìn gbẹ̀rẹ̀. Ojú ibi tí ó là á fẹ̀ sí i, ooru dúró pẹ́ lórí irin, irin sì ká. Ohun kan tún wà tí ó bò mí lójú ju ìyẹn lọ. Bí ojú ibi tí iná là bá ti fẹ̀, iná ní láti nà kí ó tó kan irin, fóltéèjì á sì gòkè. Ohun tí ń ṣàkóso gíga tọ́ọ̀ṣì, tí ó ń fi fóltéèjì mọ bí tọ́ọ̀ṣì ti ga tó, á wá rò pé tọ́ọ̀ṣì ti ga jù, á sì tì í wálẹ̀, títí ẹnu rẹ̀ yóò fi gbá irin. Mo ba ẹnu tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta jẹ́ báyìí kí n tó mọ̀ pé ó yẹ kí n ní kí kọ̀ǹpútà máa pa àkóso gíga náà nígbà tí ìyára bá ti rẹlẹ̀ ní igun.

Ìwé kan náà ni mo ti rí ọ̀nà àbáyọ, ojú sì tì mí díẹ̀ láti sọ ọ́. Lẹ́yìn àtẹ FineCut tí mo ti ń lò, àtẹ FineCut mìíràn wà fún ìyára kékeré, tí mo ti ṣí kọjá láìmọye ìgbà nítorí mo rò pé ti àwọn tí ẹ̀rọ wọn kò dára ni. Nínú àtẹ kejì yìí, ìyára irin mìlímítà 1 sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 3800 ní ìṣẹ́jú, a sì máa ń dín ámpíà kù fún àwọn irin tí ó fẹ́lẹ́ jù. Ní 3800, tábìlì mi nílò mìlímítà 5 péré kí ó tó dé orí eré, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó ń ráyè rìn bí mo ṣe ní kí ó rìn nínú ewé tí ó gùn ní 20. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ mi bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti pààrọ̀ irin ni?"

Ìyára tí mo ń yàn nísinsìnyí kò fi bẹ́ẹ̀ ti ọwọ́ ẹ̀rọ wá mọ́ bí kò ṣe ọwọ́ àwòrán. Fún rélì tí ó jẹ́ ìlà gbọọrọ lára irin mìlímítà 1.5, ámpíà 45 ni mo ń lò pẹ̀lú ìyára 6000, nítorí àyè wà láti sáré. Fún òdòdó lára irin kan náà, ámpíà 40 àti 3800 ni. Fún ihò róbótó kékeré, mo ń dín ìyára náà kù sí nǹkan bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, mo sì ń pa àkóso gíga títí yóò fi gé e tán. Gíga tọ́ọ̀ṣì kì í kúrò ní mìlímítà 1.5 nígbà tí ó bá ń gé, ṣùgbọ́n ó máa ń lu irin láti òkè díẹ̀ kí ìdàrọ́ má baà ta sí i lẹ́nu.

Kí n tó gé iṣẹ́ tuntun, mo máa ń gé ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ara àjẹkù irin, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìyára tirẹ̀, mo sì ń yí wọn wò. Ìdàrọ́ ni ó máa ń sọ òótọ́. Bí tọ́ọ̀ṣì bá lọ́ra jù, ìdàrọ́ á tóbi, á sì pọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán lè ṣẹ́ ẹ. Bí ó bá yára jù, ìdàrọ́ tín-ínrín kan á lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ etí irin, gíráńdà nìkan ni ó lè ká a kúrò, ìlà tí ó wà lójú ibi tí a gé á sì dùbúlẹ̀ sẹ́yìn dípò kí ó dúró ṣánṣán. Àwọn tuntun sábà máa ń ṣi èkejì yìí mú. Wọ́n á rí ìdàrọ́, wọ́n á ní iná kò tó, wọ́n á sì fi kún ámpíà.

Ọ̀rọ̀ irin fúnra rẹ̀ tún ń bẹ. Èyí tí wọ́n tà fún mi gẹ́gẹ́ bí mìlímítà 1.5 lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo fi kálípà wọ̀n ọ́n, 1.3 ni. Fún ẹni tí ń lo gíráńdà, ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n níbi tí àtẹ ti yí ìyára padà láàárín mìlímítà 1 sí 1.5 tó bẹ́ẹ̀, ó tó láti ba odindi ṣíìtì jẹ́. Kálípà ti di ohun tí mo ń mú dání lọ sọ́jà irin, bí olùtajà bá fẹ́ kí ó bínú.

Omi inú afẹ́fẹ́ ni ó tún tàn mí jẹ jù. Ní àsìkò òjò, ìlà tí ó dára ní àárọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ọ̀sán, èmi á sì máa yí ìyára sókè sódò. Omi ni ó ń jáde láti inú kọ́ńpùrẹ́sọ̀, tí ó ń jẹ ihò ẹnu tọ́ọ̀ṣì títí kò fi jẹ́ róbótó mọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń tú omi táǹkì dànù láràárọ̀, tí mo sì fi asẹ́ kejì sójú ọ̀nà afẹ́fẹ́, ohun ìlò kan ń pẹ́ lẹ́nu tọ́ọ̀ṣì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Mo máa ń yẹ ẹnu tọ́ọ̀ṣì wò ná kí n tó fọwọ́ kan ìyára.

Ní ti tábìlì, ẹni tí ó tà á fún mi ní ó ń rìn ní mìlímítà 10000 ní ìṣẹ́jú, irọ́ kọ́ ló pa, lórí ìlà gbọọrọ. Kò sọ fún mi bí ó ti ń yára dé orí eré náà, èmi náà kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n bi í. Ẹni tí ó bá fẹ́ gé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwòrán rẹ̀ díjú, kí ó bèèrè ìyẹn kí ó tó bèèrè ohunkóhun, kí ó sì ní kí wọ́n gé òdòdó kékeré lójú òun. Ẹ̀rọ Powermax náà kò já mi kulẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó àwọn ohun ìlò rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mo lè tún un rà. Tábìlì yìí ni n kò ní tún rà.

Ihò bóòtì tí kò tó mìlímítà 6 ni n kò tíì rí ìyára kankan fún. Àmì lásán ni mo ń jẹ́ kí tọ́ọ̀ṣì fi síbẹ̀, dírìlì ni ọmọ iṣẹ́ fi ń lu ìyókù.