Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta tókìn "owó ẹrú Àgbádárìgì" o!

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ wà ní London, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó owó àtijọ́ jọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà tó ń ta tókìn bàbà kan (tókìn ni owó tí kì í ṣe ìjọba ló ṣe é), èyí tí wọ́n ya ẹrú tó kúnlẹ̀ sí, ṣéènì wà lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ ẹ̀, wọ́n wá kọ AM I NOT A MAN AND A BROTHER yí i ká. Tó bá ti rí i pé ọmọ Yorùbá lẹ́ni tó fẹ́ rà á, á ní owó tí òyìnbó fi ra àwọn baba ńlá wa l'Àgbádárìgì rèé, pé ọwọ́ wa ló yẹ kó wà, á wá bu owó gọbọi lé e.

Irọ́ gbuu ni. Tókìn yẹn wà lóòótọ́, àmọ́ àwọn tó ń bá òwò ẹrú jà ló wà fún, ní nǹkan bí ọdún 1790 sókè. Ẹ yí i sẹ́yìn, ọwọ́ méjì tó bọra ni, pẹ̀lú MAY SLAVERY & OPPRESSION CEASE THROUGHOUT THE WORLD. Ta ló máa kọ irú ìyẹn sórí owó tó fẹ́ fi ra ẹrú? Owó ẹyọ, aṣọ, tábà àti ọtí ni wọ́n ń ná l'Àgbádárìgì. Ṣéńjì ni tókìn jẹ́ nílùú Gẹ̀ẹ́sì, torí látọdún 1775 títí di 1797 ìjọba wọn ò ṣe owó bàbà jáde, ni Parys Mine Company, ilé iṣẹ́ tó ń wa bàbà ní Anglesey ní Wales, bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn ní 1787, àwọn oníṣọ́ọ̀bù náà sì tẹ̀ lé e.

Ká tiẹ̀ gbójú fo ìtàn yẹn, ayédèrú ni ohun tó ń tà. Mo rí méjì nínú ẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn méjì tí ò mọra wọn. Méjèèjì ló ha lábẹ́ orúnkún ẹrú yẹn, ojú kan náà, gígùn kan náà. Owó tó ti lé ní igba ọdún lọ́wọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣé ibì kan náà ló máa ti ha ni? Ó fi ojúlówó kan ṣe mọ́ọ̀dù ló ń da bàbà sí i. Ẹ fi awò wò ó dáadáa, ihò wínníwínní wà lára lẹ́tà, lẹ́tà ọ̀hún sì rọ̀ bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò. Tẹ́ ẹ bá wo etí ẹ̀, ibi tínínrín tó yí i ká yẹn, ẹ máa rí ojú fáìlì tó fi rẹ́ ìlà mọ́ọ̀dù. Ẹ má gbára lé mágínẹ́ẹ̀tì, bàbà gidi ló ń lò, kò ní lẹ̀ mọ́ ọn.

Nọ́ńbà D&H tó ń pè, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé Dalton àti Hamer, ìwé tí wọ́n to àwọn tókìn yìí sí pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, torí etí àwọn kan ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i, tàwọn míì ò ní. Mo ní kó fi àwòrán etí àti ìwọ̀n ẹ̀ ní gíráàmù ránṣẹ́, ó ní ẹni tó bá mọ owó kì í béèrè ìyẹn. Hmm. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ẹ̀ ló fi ń tẹ sátífíkéètì tó ń fi kún un, òun náà ló fọwọ́ sí i.

Tránsífà tàbí PayPal Friends and Family nìkan ló ń gbà, tẹ́ ẹ bá fìyẹn san án, PayPal ò ní dá owó padà fún yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rà á, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má tún un tà fẹ́lòmíì, ẹ tọ́jú gbogbo mẹ́sééjì yín kẹ́ ẹ sì pe báńkì yín kíákíá.

Ó tún ti gbé ti Coventry 1792 síta báyìí, tókìn tó ní Lady Godiva, obìnrin inú ìtàn àtijọ́ ìlú Coventry, lórí ẹṣin, tí erin wà ní ojú kejì ẹ̀. Mi ò tíì fojú kan ìyẹn, nítorí náà mi ò ní sọ pé ayédèrú ni, àmọ́ púpọ̀ nínú ojúlówó ẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ Robert Reynolds, oníṣòwò tó gbé e jáde, sí létí. Ẹni tó bá ti rà á lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya àwòrán etí ẹ̀ yíká, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.