Òòfà mẹ́wàá àti píìnì onípákó: ohun tó mú páálí dúró jẹ́ẹ́ lórí ẹ̀rọ lésà mi

Káàdì ìgbéyàwó, àmì orí kéèkì àti pátákó orúkọ ni mo ń gé ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Ẹ̀rọ lésà oníwáàtì 60, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gé nǹkan, ni mò ń lò. Fún ọdún méjì gbáko, ẹ̀rọ ni mò ń bá wí. Bí plywood kò bá já, mo á ní túùbù tó ń mú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jáde ti rẹ̀ ẹ́. Mo á fi kún iná, mo á dín eré kù, etí pákó á dúdú bí èédú. Àárín á já, igun kò ní já. Ọjọ́ tí mo gbé rúlà irin lé pákó lórí ni mo tó rí òótọ́: plywood onímílímítà 3 yẹn ti tẹ̀ kọdọrọ. Igun rẹ̀ kan fi mílímítà 5 ga ju àárín lọ.

Ẹni tó bá ti fi gíláàsì kó oòrùn jọ sórí ewé gbígbẹ rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Ibì kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ yẹn ti ń pàdé tó fi ń mú. Gbé gíláàsì náà sókè díẹ̀, ojú iná á fẹ̀, ewé kò ní jó mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni lẹ́ńsì inú ẹ̀rọ mi rí. Tí pákó bá ti fi bíi mílímítà 2 kúrò níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pàdé, gígé ti ń di jíjó nìyẹn. Kí ni iná àfikún fẹ́ ṣe fún igun tó ti ga tó 5?

Ti káàdì tiẹ̀ tún le ju ti pákó lọ. Ẹ̀rọ máa ń fẹ́ atẹ́gùn sójú ibi tó bá ń gé kí èéfín má bàa dúró níbẹ̀, atẹ́gùn yẹn ló sì ń gbé páálí nílẹ̀. Sẹ́lótéèpù ni mo fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì nígbà yẹn. Ọjọ́bọ̀ kan, mo ń gé káàdì 200 fún ìyá ìyàwó kan, Sátidé ni ìnáwó. Mo wà níta tí mò ń dá oníbàárà lóhùn nígbà tí ọmọ iṣẹ́ mi figbe ta: “Ọ̀gá, páálí ti gbéra o!” Kí n tó dé ìdí ẹ̀rọ, ẹnu ẹ̀rọ ti kọ́ igun páálí, ó ti wọ́ ọ sápá kan, ó sì ń gé òdòdó sórí orúkọ ọkọ ìyàwó. Iná kékeré kan ti ń rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A pa á. Páálí mọ́kànlá ló bà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a ò sì sùn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ra òòfà neodymium mẹ́wàá, irú òòfà kékeré tó lágbára gan-an, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n rí roboto bíi kọ́ìnì: fífẹ̀ 20 mílímítà, nínípọn 3. Owó wọn kò tó owó páálí tó bà jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ọ̀pọ̀ tábìlì onífárá oyin (tábìlì ẹ̀rọ tó kún fún ihò bí afárá oyin), àlúmínọ́ọ̀mù ni, òòfà kì í sì í lẹ̀ mọ́ àlúmínọ́ọ̀mù. Tèmi náà rí bẹ́ẹ̀, ó di dandan kí n lọ ra afárá onírin. Ẹ fi òòfà ara fìríìjì dán tiyín wò kí ẹ tó náwó.

Fún káàdì, mi ò rí irú wọn rí. Mẹ́jọ ni mò ń lò fún páálí kan, mẹ́rin sí igun, mẹ́rin sí àárín ẹ̀gbẹ́, wọ́n á sì dì í mú bí ẹ̀mú. Oṣù mẹ́jọ rèé, páálí kan kò tíì gbéra mọ́. Kí n tó tan iná, mo máa ń kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹnu ẹ̀rọ yí gbogbo ibi tó fẹ́ gé ká lófìfo, kí n lè rí i bóyá ó máa kọ lu òòfà kankan.

Fún plywood, wọn ò tó. Agbára wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gba inú pákó onímílímítà 3 kọjá. Tí mo bá to méjì léra, wọ́n á ga débi tí ẹnu ẹ̀rọ á fi gbá wọn. Píìnì tí mo fi àjákù plywood gé fúnra mi ló yanjú ìyẹn. Ó rí bíi nọ́ńbà 7: ẹsẹ̀ rẹ̀ á wọ inú ihò afárá le dain-dain, orí rẹ̀ á tẹ etí pákó mọ́lẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì dára ju òòfà lọ fún iṣẹ́ yìí. Mi ò tún fi plywood ti ògiri mọ́, pàápàá lásìkò òjò; mo ń tò ó ní ìbúlẹ̀, mo sì ń gbé ẹrù wúwo lé e.

Fáànù tó ń fa èéfín náà ń ràn mí lọ́wọ́, torí abẹ́ tábìlì ló ti ń fà á. Mo máa ń fi àjákù páànù bo apá tábìlì tí mi ò lò, níbi tí iná kò ní dé, kí gbogbo agbára fáànù lè máa fa páálí nìkan mọ́lẹ̀.

Àléébù òòfà yìí wà. Méjì ti fọ́, torí wọ́n fò lu ara wọn. Ooru tó bá ju 80 lọ lórí ìwọ̀n Celsius a máa gba agbára wọn, nítorí náà mi ò jẹ́ kí iná gba orí wọn kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ níbi tí ọmọdé lè dé: tí ọmọ bá gbé méjì mì, wọ́n lè fa ara wọn mọ́ra nínú ìfun kí wọ́n sì dá a lu. Inú agolo tó ní ìdérí ni mo ń tọ́jú tèmi sí.

Ẹni tí kò bá sì rówó òòfà, kó má lọ fi téèpù dúdú àwọn oníná rọ́pò rẹ̀. PVC, irú ike kan, ni; tí lésà bá kàn án, èéfín tó ń jáde ń ba ọ̀nà ọ̀fun jẹ́, ó sì ń dípẹtà sí irin ẹ̀rọ. Téèpù oníbébà dára jù ú lọ.

Aṣọ nìkan ni òòfà kò tíì bá mi yanjú. Àǹkárá ṣì ń sún kì láàárín òòfà méjì, bó ti wù kí n fà á tó. Lọ́wọ́ báyìí, mò ń fi sítáàṣì lọ̀ ọ́ kó le gbagidi kí n tó gbé e lé tábìlì.