Ìkọ́ Savage 99 mi kán, ọ̀gá alágbẹ̀dẹ ìbọn kan sì rọ òmíràn

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún iṣẹ́ yìí, màá sì sọ ibi tí ọ̀kan yòókù já sí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbọn ọdẹ àtijọ́ tí wọn ò ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀ mọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Savage 99 ni ìbọn mi, ọta .300 Savage ló ń yìn. Bàbá mi ló fi ń dẹ ìgbẹ́ kí ó tó kàn mí. Lọ́jọ́ tó bàjẹ́, mo yìn ín, mo fa irin ọwọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, bólùtì, irin tó ń dí ẹ̀yìn ọta, padà sẹ́yìn, àmọ́ òfìfo ọta jókòó sínú ọ̀pá ìbọn bí ẹni pé wọ́n fi àtè lẹ̀ ẹ́. Mo kó ọta tó kù jáde, mo sì ní láti ti ọ̀pá ìnùbọn gba ẹnu ìbọn wọlé kí òfìfo náà tó jáde. Ìgbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sójú bólùtì ni mo rí i: ìkọ́ tó máa ń gbá etí ọta mú, ẹnu rẹ̀ ti kán. Èyí tó kán yẹn ò tó èékánná ọmọ ọwọ́.

Láti ọdún 1899 ni ìbọn tí Arthur Savage ṣe yìí ti jáde, wọ́n sì ti dáwọ́ rẹ̀ dúró kí ọ̀rúndún ogún tó parí. Ní gbogbo àkókò yẹn, wọ́n ń yí nǹkan inú rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, nítorí náà kí ẹ̀yà ara 99 kan tó wọ òmíràn, àfi kí fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin bá a sọ̀rọ̀. Mo ra ìkọ́ àlòkù kan tí wọ́n tú lára ìbọn tó ti kú. Ẹni tó tà á ní yóò wọ̀ wẹ́kú. Kò wọ̀, bólùtì ò lè padé dáadáa. Wẹ́dà kan ní òun á jó ẹnu ìkọ́ tèmi pọ̀. Ọpẹ́ ni pé mi ò gbà.

Ọ̀gá alágbẹ̀dẹ ìbọn kan ni mo wá gbé e lọ bá, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ló sì fi ọkàn mi balẹ̀. Savage 99 tèmi ní ihò kékeré lápá òsì tó ń fi nọ́ńbà iye ọta tó wà nínú rẹ̀ hàn. Òdo ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá ò tiẹ̀ wo nọ́ńbà náà, wọ́n ṣí ìbọn, wọ́n fi ìka tọ́ inú ibi tí ọta ń jókòó sí, torí pé ọta tó bá ti wọ ibẹ̀ kò sí nínú òǹkà yẹn mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ṣàlàyé pé irin ìkọ́ náà ni sípíríǹgì rẹ̀. Bí iná wẹ́dà bá kàn án, agbára rẹ̀ á kú, á máa tẹ̀ síbi tó yẹ kó ti máa dì mú. Wọ́n ní tuntun làwọn máa ṣe, láti ara irin O1, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe irinṣẹ́.

Wọ́n jẹ́ kí n jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi í wọ ara bólùtì. Wọ́n gbé ìkọ́ tuntun náà sórí iná àbẹ́là títí èéfín fi bò ó dúdú, wọ́n tì í sí àyè rẹ̀, wọ́n yọ ọ́. Ibi tí dúdú ti ṣí kúrò, ibẹ̀ ló ń ha. Wọ́n á fi fáìlì kàn án lẹ́ẹ̀mejì péré, wọ́n á tún padà sórí àbẹ́là. Mi ò lè ka iye ìgbà. Ìgbà tó wọ̀ tán, wọ́n yáná sí i títí òòfà ò fi fà á mọ́, wọ́n jù ú sínú òróró. Lásìkò yẹn, ó le bíi dígí, ó sì lè kán bíi dígí. Wọ́n wá fi ìwé iyanrìn dán an kí àwọ̀ rẹ̀ lè hàn, wọ́n tún rọra mú un gbóná: ó pọ́n bí oyin, ó ṣe bí àlùkò, ó wá yọ bí aró. Níbi aró yẹn, bí 300°C, ni wọ́n gbé e kúrò lórí iná. Mi ò lè gbàgbé àwọ̀ yẹn láéláé.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ rèé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n dá fún mi, ó di méje, wọn ò pè mí lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tí mo pè wọ́n ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé wọ́n ti ṣe ọ̀kan ṣáájú, wọ́n sì dì í mọ́ fáìsì láti dán an wò, ó kán. Inú mi dùn pé ọwọ́ wọn ló kán sí, kì í ṣe ọwọ́ mi nínú igbó. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n ti sọ fún mi lọ́jọ́ náà gan-an.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gbà á, wọ́n fi ọta ogún tí kò ní ètù kọjá nínú rẹ̀ níṣojú mi, wọ́n kọ́kọ́ rọra fà á, wọ́n wá ń fà á pẹ̀lú agbára. Wọ́n tún fi irin ìwọ̀n méjì wo àyè ọta: ó yẹ kí bólùtì padé lórí àkọ́kọ́ tó kúrú, kó má padé lórí ìkejì tó gùn jù ú lọ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Láti ìgbà náà, mo ti yin ogójì ọta, ogójì òfìfo ló sì fò sápá ọ̀tún láìsí ọ̀kan tó há.

Wọ́n kó ìkọ́ tó kán lára ìbọn àti èyí tó kán sí wọn lọ́wọ́ sínú ọ̀rá kan fún mi, pẹ̀lú bébà tí wọ́n ya ìkọ́ náà sí, gígùn, nínípọn àti ìtẹ̀ ẹnu rẹ̀, kí ẹni tó bá máa rọ òmíràn lọ́jọ́ iwájú má baà bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Inú àpótí ìbọn ni bébà náà wà.