Bọ́ọ̀sì Tó Ní Ọ̀nà Tirẹ̀: Ohun Tí Mo Rí Lójú Ọ̀nà St Ives sí Cambridge

Ọ̀kun gbogbo ilé o.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ni mo gbé wá. Mo ń ta ẹ̀lùbọ́ àti ẹ̀wà ní Kàbà, nílẹ̀ Ọ̀kun ní ìpínlẹ̀ Kogi, ọjà náà ló sì ń gbé mi lọ Lọ́kọ́ja léraléra, nítorí náà kò sí ìyà ojú ọ̀nà tẹ́nìkan fẹ́ sọ fún mi tí mi ò tíì jẹ. Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ní kí n wá bá òun tọ́jú ọmọ tuntun. St Ives, ìlú kékeré kan nítòsí Cambridge, ni wọ́n ń gbé, bọ́ọ̀sì tó ń gba ọ̀nà kọnkéré tirẹ̀ ló sì ń gbé wa wọ Cambridge. Mo wọ̀ ọ́ láàárọ̀, mo wọ̀ ọ́ lálẹ́, mo wọ̀ ọ́ nínú òjò àti nínú òtútù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe rí i, torí nílé wa, bí wọ́n bá ti dárúkọ ọkọ̀ èrò báyìí, rélùwéè ni gbogbo ènìyàn ń pariwo. Rélùwéè dára. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ọ̀nà tí mò ń wí yìí kì í ṣe títì bí a ṣe mọ títì. Kọnkéré gbọọrọ méjì ni wọ́n tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, táyà ọ̀tún ń gba orí ọ̀kan, táyà òsì ń gba orí èkejì, koríko sì ń hù láàárín méjèèjì. Òjò kì í dúró sójú ọ̀nà náà torí pé àárín yẹn ló ń gbà wọlẹ̀. Etí kọnkéré náà ga sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, gíga rẹ̀ ò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, àlàfo tó wà láàárín etí méjèèjì sì jẹ́ mítà 2.6, bọ́ọ̀sì kàn gba ibẹ̀ pẹ́kípẹ́kí ni. Mo bẹ̀rẹ̀ wo iwájú bọ́ọ̀sì dáadáa nígbà tó dúró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú kọ̀ọ̀kan, wọ́n so táyà kékeré kan mọ́ irin tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, táyà yìí sì dùbúlẹ̀, kò dúró. Òun ló ń fara ti etí kọnkéré náà. Bí ọ̀nà bá yà sọ́tùn-ún, etí kọnkéré ti táyà kékeré, táyà kékeré yí táyà ńlá, bọ́ọ̀sì sì yà. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀, kò sí kọ̀ǹpútà, ohun tí mẹkáníìkì Kàbà lè tú palẹ̀ kó sì tò padà ni.

Bí bọ́ọ̀sì bá dé ibi tó ti ń wọ ọ̀nà náà, dírẹ́bà a dín eré kù, ẹ ó gbọ́ ìró kékeré kan nísàlẹ̀, ọkọ̀ á wọ àyè rẹ̀ bí àpótí tábìlì ṣe ń wọlé. Lẹ́yìn náà ni dírẹ́bà á gbé ọwọ́ kúrò lórí sítíárìn. Ẹsẹ̀ nìkan ló kù tó fi ń ṣiṣẹ́, láti tẹná àti láti tẹ bíréèkì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo di irin àga mú, ọmọ mi ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, bó ṣe ń ṣe nìyẹn." Eré tí wọ́n gbà á láyè láti sá níbẹ̀ tó kìlómítà 90 ní wákàtí kan, ara ọkọ̀ ò sì gbọ̀n. Ẹ ó kàn máa gbọ́ bí táyà ṣe ń kọjá lórí oríkèé kọnkéré, nítorí pé ègé ègé ni wọ́n ṣe é kí wọ́n tó wá tò ó pọ̀. Bí ẹ bá ráyè, ẹ gun àtẹ̀gùn lọ sí àjà òkè bọ́ọ̀sì, ẹ jókòó sí iwájú pátápátá. Ẹ ó rí adágún odò Fen Drayton àti àwọn ẹyẹ orí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kò sí ilé, kò sí ṣọ́ọ̀bù, ojú ọ̀nà á kàn gùn lọ tààrà.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ ni bí a ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì náà. Orúnkún mi kì í ṣe ti ọmọdé mọ́. Nítorí pé táyà kékeré yẹn ń di ọkọ̀ mú sí ààyè kan náà nígbà gbogbo, bọ́ọ̀sì máa ń sún mọ́ pèpéle bọ́sítọ́ọ̀pù débi pé àlàfo tó kù ò ju ìka ọwọ́ díẹ̀ lọ, ilẹ̀ pèpéle àti ilẹ̀ ọkọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Mo ti kẹ̀kẹ́ ọmọ wọlé láìgbé e sókè. Ọkùnrin kan tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn wọlé fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó tì í, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ pé kó yára. Mo ro àpò ẹ̀lùbọ́ mi. Mo ro àwọn tó ń gba owó ẹrù lọ́wọ́ wa nílé kí wọ́n tó bá wa gbé e sẹ́yìn ọkọ̀.

Èkejì ni pé kò sí ẹlòmíràn tó lè gba ibẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kòtò sí àárín ẹnu ọ̀nà náà. Bọ́ọ̀sì ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jìnnà síra, ó ń rékọjá lórí kòtò. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó bá ní òun máa dọ́gbọ́n gbabẹ̀, inú kòtò ló máa há sí, ọ̀pọ̀ ló sì ti há síbẹ̀ láti ọdún tí wọ́n ti ṣí i. Ẹni tó bá ti wọ BRT, bọ́ọ̀sì tó ní ọ̀nà tirẹ̀ l'Ékòó, mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Láti 2008 tí wọ́n ti ṣí ti Mile 12 sí CMS, wọ́n ń lé ọ̀kadà, wọ́n ń lé ọkọ̀ aládàáni, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lé ọkọ̀ tó ń fọn fèrè? Kòtò ò mọ ọlọ́lá. Kò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fún ilẹ̀ wa, mo gbà pé èyí níye lórí ju eré tí ọkọ̀ ń sá lọ.

Ẹ̀kẹta, ohun tí rélùwéè kò lè ṣe: bí kọnkéré bá parí, dírẹ́bà á di sítíárìn mú, bọ́ọ̀sì á sì wọ títì ìlú bíi bọ́ọ̀sì yòókù. Ẹni tó wọkọ̀ ní St Ives lè jókòó sójú kan náà títí dé àárín Cambridge, bọ́ọ̀sì míràn tún ń bá apá ọ̀nà kọnkéré kejì lọ sí ilé ìwòsàn Addenbrooke's àti Trumpington. Ọkọ̀ ojú irin á já yín sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ rẹ̀ ni, ẹ ó wá wá ohun tó máa gbé yín délé.

Àmọ́ ibẹ̀ gan-an náà ni àléébù rẹ̀ wà. Bọ́ọ̀sì tó ń sáré lọ rere láàárín pápá, tó bá wọ ìlú, á bá gbogbo ọkọ̀ yòókù tò sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Cambridge jẹ́ ìlú àtijọ́, títì rẹ̀ há. Kò sí bí kọnkéré ìta ìlú ṣe lè dára tó, àkókò tí ẹ jèrè níbẹ̀ lè run sí àárín ìlú láàárọ̀. Nǹkan míràn ni pé bí bọ́ọ̀sì kan bá bà jẹ́ lórí ọ̀nà náà, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò lè yà á sílẹ̀, àfi kó dúró. Owó ọkọ̀ ò pọ̀ lójú wọn, torí ìjọba ti ní kí tíkẹ́ẹ̀tì àlọ ẹ̀ẹ̀kan má ju pọ́n-ùn 3 lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025.

Ọ̀rọ̀ ìtàn rẹ̀ yẹ ní gbígbọ́, nítorí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn rélùwéè ti bẹ̀rẹ̀. Rélùwéè ló wà lójú ọ̀nà yẹn tẹ́lẹ̀. Ọdún 1970 ni ọkọ̀ ojú irin dẹ́kun kíkó èrò láti St Ives. Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ wọn fẹ́ lo ilẹ̀ náà, àwọn kan ní kí wọ́n dá rélùwéè padà, ìjọba yan bọ́ọ̀sì, wọ́n sì hú irin tó kù. Pọ́n-ùn mílíọ̀nù 116 ni wọ́n pe owó rẹ̀. Ó yẹ kó ṣí ní 2009, oṣù kẹjọ 2011 ló ṣí, owó rẹ̀ sì ti di nǹkan bíi mílíọ̀nù 181, ìjọba àti agbaṣẹ́ṣe wá ń bá ara wọn ṣẹjọ́ títí wọ́n fi parí rẹ̀ ní 2013. Gígùn ibi tí wọ́n fi kọnkéré ṣe jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 25, kò sì sí èyí tó gùn tó o lágbàáyé. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀fẹ́ ni. Bí èrò bá pọ̀ gidi, ọkọ̀ ojú irin kan ń kó èrò bọ́ọ̀sì bíi mẹ́wàá pẹ̀lú awakọ̀ kan ṣoṣo. Níbi tí èrò ò bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀sì tó ń kọjá lemọ́lemọ́ ló dára jù lójú mi.

Mi ò lè ṣàìsọ ti ẹ̀mí tó ti lọ. Ènìyàn mẹ́ta ló ti kú lójú ọ̀nà náà, ní 2015, 2018 àti 2021, tí bọ́ọ̀sì kọ lù wọ́n. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọnkéré, bọ́ọ̀sì ò sì lè yà fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti dín eré kù láwọn ibì kan, wọ́n sì ti fi ọgbà (fẹ́ńsì) sí apá kan lẹ́yìn ìgbà náà. Ọgbà yẹn ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ní ilẹ̀ wa tí ewúrẹ́ àti ọmọ iléèwé ń gba ojú ọ̀nà, ohun àkọ́kọ́ tí màá béèrè fún ni.

Kì í ṣe Cambridge ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ o. Essen ní Jámánì ṣe é ní 1980. Adelaide ní Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí tiwọn ní 1986, gbogbo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 12, ilẹ̀ etí odò tó rọ̀ ni wọ́n gbé e gbà, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Edinburgh ṣe tiwọn ní 2004, ní 2009 wọ́n tì í kí wọ́n lè tẹ́ irin táráàmù (ọkọ̀ ojú irin inú ìlú) sójú rẹ̀, èyí tó fi hàn pé ilẹ̀ tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ ò ṣòfò. Ṣùgbọ́n Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gba ọkàn mi. Láti 1995, wọn ò ṣe ọ̀nà kọnkéré gígùn níbẹ̀. Ojú títì Scott Hall, ibi tí ọkọ̀ ti ń tò dé oríta nìkan ni wọ́n ti ṣe ọ̀nà kọnkéré kúkúrú fún bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó tò, á sì tún bọ́ sí títì gbogbo ayé.

Èyí ni mo rò pé ó bá àwa ará Ọ̀kun mu. Láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Ìsánlú, láti Mọ̀pà dé Kàbà, èrò wa ò pọ̀ tó láti fi kọnkéré etí gíga tẹ́ gbogbo rẹ̀, ká má tàn ara wa. A ti ní kọnkéré tiwa, ọ̀nà Ọbajànà sí Kàbà, kìlómítà 43, mo sì ń gbádùn rẹ̀. Ibi tí ọjọ́ wa ti ń bà jẹ́ ni ibi tí tírélà sìmẹ́ńtì bá tò sí ní Ọbajànà, àti àbáwọlé Lọ́kọ́ja, àti Felele fún ẹni tó ń lọ Àbújá. Ọ̀nà bọ́ọ̀sì kúkúrú bíi ti Leeds níbẹ̀, pẹ̀lú kòtò lẹ́nu rẹ̀ àti ọgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, máa ṣe wá lóore ju ìlérí rélùwéè èrò tí a ń gbọ́ lọ.

Rélùwéè tí èmi ń fẹ́, ti ẹrù ni. Bọ́ọ̀sì kankan ò lè kó sìmẹ́ńtì kúrò lójú títì, irin nìkan ló lè ṣe é. Irin Itakpe sí Warri sì wà ní ìpínlẹ̀ wa níbí, kìlómítà 326, wọ́n ṣí i ní 2020. Kí wọ́n fa ẹ̀ka rẹ̀ dé Ọbajànà. Bí tírélà bá dín kù, ọkọ̀ èrò á rí ọ̀nà gbà.

Bí ìyẹn bá pẹ́, ó ní ohun tí kò yẹ kó pẹ́. Ní gáréèjì Kàbà, ìyá àgbà tó ń lọ gba owó ìfẹ̀yìntì ní Lọ́kọ́ja, ẹni méjì ló ń tì í lẹ́yìn kó tó gun bọ́ọ̀sì Hiace. Pèpéle kọnkéré tó bá ẹnu ilẹ̀kùn Hiace dọ́gba, tó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lápá kan fún kẹ̀kẹ́ àti ọmọlanke, àwọn bíríkìlà wa mọ̀ ọ́n mọ. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Kàbà-Bùnú kọ ẹyọ kan síbẹ̀, kí ti Ìjùmú kọ ọ̀kan sí Ìyàrà, kí àwọn ará Yàgbà náà sì béèrè tiwọn ní Ìsánlú.