Geocache aládììtú nídìí mòsáíkì Alexanderplatz: ṣé ó tó fi àsìkò wá?

Geocache ni ike kékeré tí àwọn kan ń gbé pamọ́ síta kí àwọn míì lè fi GPS wá a. "Mystery" ni Geocaching.com, ìkànnì eré náà, ń pe geocache tó jẹ́ pé nọ́ńbà GPS tó wà lójú ìwé rẹ̀ kì í ṣe ibi tí ike wà. Ẹ ó kọ́kọ́ tú àdììtú ná. Ike gan-an kì í sábà jìnnà ju bíi kìlómítà 3 lọ síbi tí nọ́ńbà ẹ̀tàn yẹn tọ́ka sí.

Ògiri Haus des Lehrers, ilé gíga kan ní Alexanderplatz ní Berlin, bá irú eré yìí mu dáadáa. "Unser Leben", mòsáíkì (àwòrán tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tò) tí ayàwòrán Walter Womacka parí ní 1964, gba ilé náà mọ́ra yíká bí ọ̀já: mítà 7 ní gíga, mítà 125 ní gígùn, òkúta wẹ́wẹ́ bíi 800,000. Àdììtú tó bá wá ní kí ẹ máa ka òkúta, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ṣe é. Ojúlówó máa ń béèrè ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú: èèyàn mélòó ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, mélòó ló di irinṣẹ́ dání.

Igun ilé ló ń da ìṣirò rú, torí àwòrán tó yí igun kọjá lè wọ iye ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ má sì dúró sábẹ́ ògiri kẹ́ ẹ máa wòkè. Ẹ sọdá títì, ẹ ya ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fẹ fọ́tò náà lójú fóònù kẹ́ ẹ tó kà á.

Ká ní nọ́ńbà náà jẹ́ N 52° 31.ABC E 013° 25.DEF, tí ẹ ó fi iye tí ẹ bá kà rọ́pò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí A bá fi ẹyọ kan yẹ̀, ẹ ti ṣìnà mítà 185. B, nǹkan bíi 18. C, kò tó 2. Ti D jẹ́ mítà 113 péré, torí àwọn ìlà tó wá láti àríwá sí gúúsù ń sún mọ́ra béèyàn ṣe ń jìnnà sí agbedeméjì ayé. A àti D ni kẹ́ ẹ tún kà. Ẹ má pa ara yín sórí F. Ẹni tó fi ìbéèrè tó le jù sí A, tí kò sọ àròpọ̀ lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí kò sì fi Certitude tàbí GeoCheck (ìkànnì tó ń sọ bóyá ìdáhùn tọ̀nà) síbẹ̀ fún àyẹ̀wò, kò yẹ lẹ́ni tí à ń fún ní favorite point, àmì tí a fi ń yin geocache tó dáa.

Áàpù Geocaching tí ẹ kò sanwó fún kì í ṣí Mystery. Ẹ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kẹ́ ẹ lo c:geo lórí Android, ọ̀fẹ́ ni. Láàárín àwọn ilé gíga yẹn, ara ògiri ni àmì GPS ti ń ta padà wá, ibi tí fóònù ń tọ́ka sí á máa fò síwá sẹ́yìn. Ẹ ka ìtọ́ka tí ẹni tó gbé e pamọ́ kọ.

Ẹ mú bírò dání, àti twísà bí ike bá jẹ́ nano (ike tó kéré gan-an), torí ìwé inú rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹ ká a le dáadáa. Bó bá fẹ̀, ọmọrí kò ní dé tán, òjò á sì wọ inú rẹ̀. Kò sí ohun tó yẹ kí ẹ máa yọ lára mòsáíkì o.

Bí ọ̀rẹ́ bá ta yín lólobó nọ́ńbà, tí ẹ sì buwọ́ lu ìwé inú ike, òfin gbà á. Àmọ́ ẹ má kọ nọ́ńbà náà sójú ìwé geocache.